Ọmọ ọwọ́ àti ìdánwò oògùn fòníkú-fọ̀ladìde: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kí ó tó bu ọwọ́ lùwé

Ní Niamey, olú ìlú Niger, ibùdó ìtọ́jú kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí wọ́n ń pè ní CNRD. Yálà Hausa, Zarma tàbí Yorùbá ni òbí tó ń tajà ní Grand Marché ìlú náà, ìbéèrè kan le fún un: bí dókítà bá ní kí ọmọ òun kópa nínú ìdánwò oògùn lọ́jọ́ kan, kí ni kí òun sọ?

Kí ló dé tí wọn kì í dúró kí ọmọ dàgbà?

Bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún àrùn yìí. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú oyún ń dáàbò bò ó fún oṣù díẹ̀. Bí ó bá ti ń dínkù ni ìrora àti àkóràn ń bẹ̀rẹ̀. Ní Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò rí ìtọ́jú ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Ìdánwò lára àgbàlagbà nìkan kò lè sọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ ọmọ ọwọ́.

Kí ni ìwádìí fi hàn?

Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò BABY HUG, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, gba ọmọ 193 tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 9 sí 18. Ìrora dínkù lára àwọn tó lo hydroxyurea, àmọ́ kò hàn pé oògùn náà dáàbò bo kíndìnrín bí wọ́n ṣe retí.

Ìdánwò REACH fún ọmọ 606, ẹni ọdún 1 sí 10, ní oògùn náà ní Angola, Kóńgò (Kinshasa), Kenya àti Uganda. Lọ́dún 2019, èsì rẹ̀ fi hàn pé ibà dínkù sí nǹkan bí ìdajì, ikú sì dínkù láti 3.6 sí 1.1 nínú ọmọ 100 lọ́dún kan.

Kí ló ń ba òbí lẹ́rù?

Lọ́dún 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò ní Kano lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírùnyírùn. Àwọn ẹbí kan sọ pé wọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi. Lọ́dún 2009, ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ẹjọ́ òun àti ìjọba Kano lè parí.

Kí ni ẹ̀tọ́ òbí?

Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òbí ló ń sọ ọ́ fún un. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdánwò náà ní èdè tó yé e, kódà bó bá jẹ́ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Ó lè béèrè ewu tó wà níbẹ̀, ìtọ́jú mìíràn tó wà, àti bóyá ọmọ yóò ṣì máa rí oògùn náà gbà lẹ́yìn ìdánwò. Ó sì lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nígbàkugbà láì pàdánù ìtọ́jú.

Ẹni tí kì í sanwó ọjà láì yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ bu ọwọ́ lu ìwé tí kò yé e.