Bídè

Bídè jẹ́ ohun èlò tí a fi ń fi omi fọ ìdí àti ojú ara lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ìtọ̀. Ó lè jẹ́ àwo tánganran tó dá dúró, ẹnu omi tí a so mọ́ abẹ́ ìjókòó, tàbí rọ́bà omi tí a ń fi ọwọ́ mú.

Ìtàn

Ilẹ̀ Faransé ni bídè ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 17 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18. Ní èdè Faransé, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹṣin kékeré, nítorí pé bí ẹni gun ẹṣin ni wọ́n ṣe ń jókòó lé e. Yàrá ibùsùn ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì máa bu omi sí i. Nígbà tí omi ẹ̀rọ wọ inú ilé, ó bọ́ sí ilé ìwẹ̀. Ní 1975, òfin sọ ọ́ di dandan nínú ilé gbígbé ní Ítálì. Ní 1980, ilé iṣẹ́ TOTO ní Japan gbé Washlet jáde, ìjókòó tó ń fi iná mànàmáná tu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ní agbègbè Ọ̀tà

Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà sì ti fa ọ̀pọ̀ èrò wá síbẹ̀. Fífi omi fọ ìdí kì í ṣe àjèjì láàárín àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ń lo búùtà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdí nìyí tí a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan.

Omi tó ń tú dáadáa ni bídè nílò. Ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè yìí ló gbẹ́kẹ̀ lé kànga ẹ̀rọ àti tánkì, iná ló sì ń gbé omi lọ sókè. Bí iná bá lọ tí tánkì sì gbẹ, bídè kò ṣiṣẹ́ mọ́. Rọ́bà omi lè lo omi tánkì tó wà lókè láìsí iná. Búùtà kò nílò tánkì rárá.

Ìmọ́tótó

Bídè kò rọ́pò ọṣẹ: ó yẹ kí a fọ ọwọ́ lẹ́yìn lílò rẹ̀. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnu rọ́bà wọ inú omi ìdọ̀tí, nítorí pé bí agbára omi bá dínkù, páìpù lè fa ìdọ̀tí náà wọ inú omi mímọ́ tí gbogbo ilé ń lò.