Ọjọ́ Tí NotPetya Wọ Maersk: Láti Àárọ̀ Dé Alẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Òkudu 2017. Ìsinmi ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Ará Ajégúnlẹ̀ ṣì ń jẹ ẹran ọdún. Lẹ́bàá wọn ní Àpápá ni èbúté kọ̀nténà APM Terminals, ẹ̀ka Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Denmark, wà láti 2006. Aago Èkó ni mo fi ka àwọn wákàtí yìí.

9:59 àárọ̀. Ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó jí wọ sáfà M.E.Doc, ètò ìṣirò owó àti owó orí tí àwọn oníṣòwò Ukraine ń lò.

10:14. Kọ̀ǹpútà tó bá lọ gba àtúnṣe M.E.Doc, ọwọ́ ọ̀daràn ló ń bọ́ sí.

Nǹkan bí 11:30. Kòkòrò NotPetya bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ó ń gba inú SMB1 kọjá, ìlànà pínpín fáìlì tó ti wà láti àwọn ọdún 1980. Microsoft ti gbé àtúnṣe fún àléébù SMB1 náà jáde láti 14 oṣù Ẹrẹ́nà. Kòkòrò náà tún ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì ń fi wọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tún ṣe pàápàá.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò ti SMB1 pa? Ètò àtijọ́ ni. Tí ènìyàn púpọ̀ bá jọ ń kọ sínú fáìlì ètò àkọsílẹ̀ àtijọ́ bíi FoxPro tàbí dBase, SMB2, ẹ̀yà tó tẹ̀lé SMB1, lè tọ́jú ìròyìn tó ti pẹ́ nípa fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà oníkálukú, àkọsílẹ̀ á sì bàjẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ á pa SMB2, á padà sí SMB1, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Ọ̀sán. Ọ́fíìsì Maersk ní Odessa, Ukraine, ní M.E.Doc lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni kòkòrò gbà wọlé. Ní olú ilé-iṣẹ́ Maersk ní Copenhagen, ojú kọ̀ǹpútà ń ṣókùnkùn níkọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ń sáré kiri, wọ́n ń kígbe pé kí wọ́n yọ wáyà. Ó ju wákàtí méjì lọ kí wọ́n tó já nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tán.

2:00 ọ̀sán. Ní èbúté Maersk ní Elizabeth, New Jersey, ní Amẹ́ríkà, tírélà ti tò lọ rẹrẹẹrẹ. Nínú èbúté 76 tí Maersk ní, 17 ni ọ̀ràn náà kàn.

8:46 alẹ́. Ọ̀daràn nu sáfà tó fi ṣiṣẹ́ náà mọ́ tónítóní.

Nǹkan bí 150 sáfà tó ń dá òṣìṣẹ́ Maersk mọ̀ ló parẹ́, àfi ọ̀kan ní Ghana: iná ọba ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé. Òṣìṣẹ́ kan gbé dísìkì rẹ̀ wá sí pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, òmíràn gbà á, ó gbé e lọ sí London. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Maersk fi tún sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 tò.

Ẹ̀yin ẹ̀jẹ́ńtì Àpápá tí ìwé oníbàárà yín wà nínú ètò àtijọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, kó má rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa SMB1 lórí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lálaalẹ́, kí ẹ sì yọ dísìkì tí ẹ̀dà náà wà lórí rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ. Iná tó lọ ló kó Maersk yọ. A kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún oríire bẹ́ẹ̀.