Sísọ gìtá tuntun di àlògbó

Sísọ gìtá di àlògbó ni iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń mú kí ọ̀dà ara gìtá tuntun dà bí ti èyí tí olórin ti fi ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Relic ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, láti ara ọ̀wọ́ gìtá tí ẹ̀ka Custom Shop ti ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1995. Vince Cunetto ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Irú ọ̀dà ni ó ṣe pàtàkì jù. Nitrocellulose, tí Fender lò ní àwọn ọdún 1950, fẹ́lẹ́. Òógùn àti ìfarakanra a máa jẹ ẹ́ títí dé igi, funfun rẹ̀ a sì máa di pupa rúsúrúsú. Polyester nípọn, ó sì le. Bí ó bá ṣí, ègé ègé ni ó ń bọ́, ó sì ṣòro láti mú un jọ ògbó tòótọ́.

Ibi tí ara olórin ti ń kan gìtá ni ọ̀dà ti ń kọ́kọ́ tán: etí òkè tí apá ọ̀tún ń sinmi lé, ẹ̀yìn tí irin bẹ́líìtì ń họ, àti ìtòsí okùn tí ọwọ́ ń ta. Àpẹẹrẹ kan tí ó gbajúmọ̀ ni Stratocaster ọdún 1961 tí Rory Gallagher, olórin ilẹ̀ Ireland, rà ní ìlú Cork ní ọdún 1963. Ọ̀dà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, Fender sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tòun ti gbogbo ibi tí ó bó.

Sáńpépà ni oníṣẹ́ fi ń họ àwọn ibi wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀. Igi tí ó hàn kò gbọdọ̀ mọ́ jù, nítorí òógùn àti ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ a máa sọ ọ́ di dúdú. A ó kùn ún, a ó sì nù ún. Ọ̀pọ̀ aláìmọ̀ṣẹ́ a máa lu gbogbo ara gìtá bákan náà, èyí ni ó sì ń tú wọn fó.

Òtútù òjijì ni ó ń mú ọ̀dà sán, nítorí pé igi àti ọ̀dà kì í súnkì ní ìwọ̀n kan náà. Àwọn kan a gbé ara gìtá tí ó móoru sínú fíríísà. Àwọn mìíràn a fi abẹ fa ìlà, ṣùgbọ́n ìlà abẹ sábà máa ń tọ́ jù.

Àwọn oníjìbìtì lè ta irú gìtá bẹ́ẹ̀ bí ojúlówó ti àwọn ọdún 1950, tí owó rẹ̀ ga gan-an. Olùrà tí ó mòye a máa tú ike tí ó bo iwájú gìtá: lábẹ́ ike gìtá àtijọ́, níbi tí oòrùn kò dé, àwọ̀ ọ̀dà sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ìta.