Àwìn, Sọ̀wédowó àti Ẹ̀wọ̀n: Ìtàn Òfin Ọdún 1977 lórí Ẹ̀bi Àwọn Olùdarí Ilé-Iṣẹ́

Ìfáárà

Kò sí ọjà tí àwìn kò sí. Láyé àtijọ́, Yorùbá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó lọ́wọ́ onígbèsè tí ó bá fẹ́ fọgbọ́n jẹ owó olówó gbé. Samuel Johnson ṣe àkọsílẹ̀ àṣà dídógò nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ológò yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó tì í, yóò máa pariwo, yóò sì máa mú adìyẹ àti ẹran ilé náà jẹ títí wọn yóò fi wá owó náà san. Ohun tí ó mú kí ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ ni pé onígbèsè ní ojúlé, ó sì ní ojú tí ìtìjú lè mú. Bí onígbèsè bá wá jẹ́ kọ́ńpìnnì ńkọ́, tí kò lójú, tí kò sì ní ara tí a lè tì mọ́lé? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ wa dá lé.

Ohun tí ó wà kí òfin tó dé

Ẹ jẹ́ kí a fi Mùṣín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọlọ́jà kan ní Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kó ẹ́ńjìnnì mẹ́ta fún ilé-iṣẹ́ akérò kan. Olùdarí ilé-iṣẹ́ náà buwọ́ lu sọ̀wédowó fún un, ó ní kí ó lọ gba owó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́jà dé báńkì, wọ́n ní kò sí owó nídìí ìwé náà. Ta ni ó jẹ ẹ́ lówó? Láti ọdún 1896 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nínú ẹjọ́ Salomon tí ó ń ṣe bàtà tà, pé ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnnì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ìlànà yìí kan náà ni Nàìjíríà jogún. Kọ́ńpìnnì ni ó jẹ gbèsè; olùdarí kàn buwọ́ lùwé ni.

Òótọ́ ni pé abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti wà fún ẹni tí ó bá fi irọ́ gba ohun ọlọ́hun. Àmọ́, irọ́ tí òfin yẹn ń wí ni irọ́ lórí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìlérí fún ọjọ́ iwájú kì í ṣe irọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé, 'Mo rò pé owó yóò ti wọlé kí ọjọ́ náà tó pé', ihò tí yóò gbà sá lọ wà níbẹ̀.

Òfin Kẹrìnlélógójì

Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1977, ní àkókò ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni òfin kẹrìnlélógójì ọdún náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun náà ni ó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fi sọ̀wédowó gba ọjà tàbí àwìn, tí a sì mú ìwé náà lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta, tí báńkì kò san án nítorí pé owó kò sí tàbí kò tó, yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, yóò san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦5,000.

Abala kejì ni ó ká olùdarí mọ́. Bí a bá fi hàn pé olùdarí, alákòóso, akọ̀wé tàbí aṣojú kọ́ńpìnnì fọwọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ náà, tàbí pé ó lẹ̀dí àpò pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ni ó fà á, òun náà jẹ̀bi pẹ̀lú kọ́ńpìnnì, ìyà ẹlẹ́ran ara ni yóò sì jẹ. Ọ̀rọ̀ nípa àìbìkítà yìí ni ó le jù lójú tiwa. Kò pọn dandan kí olùdarí ní ètekéte; ó lè jẹ́ pé kò yẹ owó tí ó wà ní báńkì wò kí ó tó buwọ́ lùwé. Síbẹ̀, òfin fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ẹni tí ó bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé báńkì yóò san owó náà, tí ó sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, kò jẹ̀bi.

Iye owó ìtanràn náà gba àkíyèsí. Ní ọdún 1977, ₦5,000 ju dọ́là 7,000 lọ. Lónìí kò tó dọ́là mẹ́wàá. Lóòótọ́, adájọ́ lè bù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n olùdarí nìkan ni eyín tí ó kù lẹ́nu òfin yìí.

Nítorí eyín yìí ni àwọn ọlọ́jà kan fi ń sáré tọ ọlọ́pàá àti àjọ EFCC lọ bí ẹni ń bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ ní ọdún 2018 pé àjọ náà kì í ṣe agbowó-gbèsè. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí jẹ́, ọ̀tọ̀ ni gbèsè tí a jẹ lásán. Ti gbèsè, ilé-ẹjọ́ fún ẹjọ́ owó ni ibi tí ó tọ́ sí.

Kí olùkọ́ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ oníṣòwò nìkan ni èyí. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba jẹ́ ẹni kan lójú òfin, gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì ti jẹ́. Akọ̀wé àti akápò tí wọ́n ń buwọ́ lu sọ̀wédowó rẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́, nígbà mìíràn láìwo iye tí ó ṣẹ́kù ní báńkì, wà lára àwọn tí abala kejì ń bá wí.