Ìnárun Etí Odò Ọ̀fíkì: Àrùn tí Ìwé Ìṣirò Fojú Fò

Ìfọ́jú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ àrùn tí eṣinṣin etí odò ń fà. Ní Òkè-Ògùn àti agbègbè rẹ̀, níbi tí odò Ọ̀fíkì àti Ọ̀yán ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ tí àrùn náà mú kò fọ́jú rárá. Ara ni ó bá jà, ìnárun sì ni Yorùbá ń pè é.

Ibi tí omi bá ti ń sáré lórí àpáta ni eṣinṣin dúdú kékeré náà ń yé ẹyin sí. Àgbẹ̀, apẹja àti ẹni tí ń pọnmi ni ó ń jẹ. Aràn tí ó bá kó sí wọn lára lè lo ọdún 10 sí 15 nínú kókó abẹ́ awọ, kí ó máa bímọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí àwọn ọmọ aràn náà bá ti ń kú lábẹ́ awọ ni ara ń yún. Oorun kò ní í kùn. Bí ó bá pẹ́, awọ á le bí awọ alángbá, ojúgun á sì funfun tóótòòtó bí ara ẹkùn.

Ta ni yóò jókòó ti ẹni tí ń họra láàárín àwùjọ? Ìnárun kì í ràn nípa ìfọwọ́kàn tàbí jíjẹun nínú àwo kan náà, ṣùgbọ́n ojú kúrúnà tàbí ti ẹ̀tẹ̀ pàápàá ni àwọn ẹlòmíràn fi ń wò ó. Ọmọge á máa fi ìró bo ojúgun. Ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ẹbí rẹ̀ á ní kí ó rọra wádìí.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ̀. Ní 1875, inú awọ àwọn tí ara ń yún ní Gold Coast, Gánà òde òní, ni dókítà òyìnbó kan, John O'Neill, ti kọ́kọ́ rí ọmọ aràn yìí. Ní 1926, Donald Blacklock fi hàn ní Sàró pé eṣinṣin náà ni ó ń gbé e kiri. Síbẹ̀, nígbà tí ètò ńlá láti gbógun tì í bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1974, iye afọ́jú ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìpalára rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí kò jìnnà sí Ṣakí, wà nínú ètò náà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí ó ríran ṣùgbọ́n tí kò rí oorun sùn kò sí nínú ìwé ìṣirò wọn.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, ni ó yí èyí padà ní 1995: ó fi hàn pé ara yíyún nìkan tó ìyà. Ọdún náà ni ètò tuntun tí ó kó Nàìjíríà mọ́ra bẹ̀rẹ̀. Ní 1998, William Brieger, Oshiname àti Ososanya tẹ ìwádìí jáde lórí ìtìjú tí àrùn náà ń kó bá àwọn ará etí Ọ̀fíkì àti Ọ̀yán gan-an. Ó tó ọgọ́fà ọdún ó lé lẹ́yìn O'Neill!

Oògùn ivermectin, tí ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi ta ayé lọ́rẹ láti 1987, ń pa àwọn ọmọ aràn, kì í pa ìyá wọn. Nítorí náà ni a fi ń gbé e mì lọ́dọọdún. Ó ń mú kí ara yíyún rọlẹ̀. Ojúgun tí ó ti funfun ní tirẹ̀ kì í sábà padà sí bí ó ti wà, ìró ọmọge náà kò sì tíì kúrò níbẹ̀.