Orúkọ Ohun Tí Ń Rìn Nínú Omi

Àwọn ènìyàn a máa bi mí léèrè ohun tí ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti omi. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ìtàn ẹ̀ka ìmọ̀ yìí sì jẹ́ ìtàn ìsọlórúkọ.

Ní ọdún 1800, Nicholson àti Carlisle fi iná mànàmáná la omi sí méjì ní Lọ́ńdọ̀nù: háídírójìn yọ ní ẹnu wáyà kan, ọ́síjìn yọ ní ẹnu èkejì. Iṣẹ́ ti wà, orúkọ kò tíì sí. Ní ọdún 1834, Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ ìdìwé, kọ̀wé sí William Whewell ní Cambridge pé kí ó bá òun wá ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríkì àtijọ́ ni Whewell ti yá a: anode, 'ọ̀nà òkè', cathode, 'ọ̀nà ìsàlẹ̀', ion, 'ohun tí ń lọ'. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ní 1897 ni J. J. Thomson fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà. Ní 1920 ni Rutherford sọ pírótọ́ọ̀nù lórúkọ. Pírótọ́ọ̀nù wúwo ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,836, síbẹ̀ àwọn méjèèjì a máa jọ rìn. Bí quinone bá gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 nínú omi kíkan, a gba pírótọ́ọ̀nù 2 pẹ̀lú. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá dá wọlé, agbára iná rẹ̀ yóò di ẹrù sí quinone lára. Bí pírótọ́ọ̀nù bá bá a wọlé, agbára iná tirẹ̀, tí ó jẹ́ òdìkejì, yóò pa ti ẹnìkejì rẹ́. Ìdí nìyí tí fóltéèjì tí iṣẹ́ náà ń béèrè fi ń tẹ̀ lé bí omi ṣe kan tó: ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń yí ní nǹkan bí 59 mílífóltì fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n pH.

Ní 1981, Thomas Meyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ìrìn yìí ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n fi omi wúwo, tí háídírójìn rẹ̀ wọ̀n ní ìlọ́po méjì, rọ́pò omi lásán. Iṣẹ́ náà sì falẹ̀ ní ìlọ́po 16. Bí kì í bá ṣe pé pírótọ́ọ̀nù wà lára àwọn tí ń rìn, kì bá tí falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ewé pàápàá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú oòrùn: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 4 àti pírótọ́ọ̀nù 4 ni ó ń gbà lára mólékù omi 2, kí ọ́síjìn tí a ń mí tó jáde.

Àwọn kan ní Yorùbá kò lè gba irú ìmọ̀ báyìí. Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa ṣáájú ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ti dá wọn lóhùn. Ní tèmi, mo dá 'àjọrìn' lábàá fún ohun tí Meyer sọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí: Faraday rí Whewell kọ̀wé sí. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wa bá kọ̀wé sí àwa olùkọ́ èdè lónìí, ó yẹ kí wọ́n bá wa nílé.