Ipò Ìgbéyàwó àti Lílà Já Lọ́wọ́ Jẹjẹrẹ Ọmú

Ipò ìgbéyàwó wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí pé ó kan iye ọdún tí obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú yóò lò láyé. Bí obìnrin bá wà nílé ọkọ, bó bá jẹ́ opó, bó bá ti dá ilé mosú, tàbí bí kò bá lọ́kọ rí, ipò náà máa ń hàn nínú bí wọ́n ṣe tètè rí àìsàn náà, nínú irú ìtọ́jú tó rí gbà, àti nínú bóyá ó gba ìtọ́jú náà dópin. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan obìnrin Odògbólú àti ti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an, nítorí ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ẹni tó dìde pẹ̀lú aláìsàn, tó bá a wá owó, tó sì dúró tì í títí ìtọ́jú fi parí. Ọkọ lè jẹ́ ẹni náà. Ẹlòmíràn náà lè jẹ́ ẹ.

Bí àìsàn náà ṣe rinlẹ̀ tó

Ní 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn káàkiri àgbáyé. Bí 670,000 sì bá a lọ. Ní Nàìjíríà, ìṣirò ọdún kan náà fi hàn pé ó lé ní 32,000 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn, ó sì lé ní 16,000 tó kú. Ìwádìí ABC-DO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tọ ipasẹ̀ àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, Uganda, Zambia, Namibia àti Gúúsù Áfíríkà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 sọ pé nínú gbogbo wọn, ìdajì péré ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Láàrin àwọn tí wọ́n gbà wọlé ní Owerri àti Aba, bí 36 nínú 100 ló ṣẹ́kù.

Ìdí kan ni pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa kì í dé ọsibítù àfi ìgbà tí kókó náà bá ti tóbi, tàbí tó ti di egbò. Ìdí kejì ni pé irú jẹjẹrẹ tí oògùn tó ń dènà omi ara obìnrin kò ràn wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sẹ́ni tó lè yí irú jẹjẹrẹ tó mú èèyàn padà, ṣùgbọ́n a lè yí àsìkò tí a gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà padà.

Kíkó àìsàn yàtọ̀ sí lílà á já

Ní 1713, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ láàrin àwọn obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì tí wọn kì í lọ́kọ. Lónìí a mọ̀ pé ọmọ bíbí àti ọmú fífún ló fa ìyàtọ̀ náà. Àkójọ ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2002 láti orílẹ̀-èdè 30 fi hàn pé ewu àìsàn náà ń fi bí ìdá 7 nínú 100 dínkù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bí, ó sì ń fi ìdá 4.3 dínkù fún oṣù méjìlá kọ̀ọ̀kan tó fi fún ọmọ lọ́mú. Dídínkù kò túmọ̀ sí pé ó tán: abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́fà náà ń ní in. Bí ó bá sì ti dé, ìbéèrè yí padà sí irú èèyàn tó yí i ká.

Ohun tí àwọn ìwádìí rí

Ní 2005, wọ́n ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ 32,268 obìnrin Amẹ́ríkà tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tí ọjọ́ orí wọn ti pé 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn náà ti sábà rinlẹ̀ lára àwọn tí kò lọ́kọ kí wọ́n tó rí i, ìtọ́jú tó péye kò tó wọn lọ́wọ́ bíi ti àwọn tó lọ́kọ, ikú sì pọ̀ jù láàrin wọn. Ní 2013, ìwádìí lórí 734,889 aláìsàn tó ní ọ̀kan nínú oríṣi jẹjẹrẹ mẹ́wàá, ti ọmú wà lára wọn, rí i pé ewu kí jẹjẹrẹ pa ẹni tó wà nínú ìgbéyàwó fi ìdá 20 nínú 100 kéré sí ti ẹni tí kò sí nínú rẹ̀.

Ó rọrùn láti rò pé owó ló fà á, nítorí ilé ẹni méjì sábà máa ń rówó ju ti ẹnì kan lọ. Ìwádìí kan lórí àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní California ní 2016 wọn èyí wò. Ewu ikú fi ìdá 27 nínú 100 pọ̀ sí i fún ọkùnrin tí kò níyàwó, ó sì fi 19 pọ̀ sí i fún obìnrin tí kò lọ́kọ. Nígbà tí wọ́n yọ ipa owó àti ìbánigbófò kúrò, ìyàtọ̀ náà kàn dínkù díẹ̀ ni. Ohun mìíràn hàn níbẹ̀: ìgbéyàwó ń gbe ọkùnrin ju obìnrin lọ. Kò yani lẹ́nu, obìnrin ló sábà máa ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni ìwádìí 2006 lórí 2,835 nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú. Ewu kí àìsàn náà pa àwọn tó dá wà fi bí ìlọ́po méjì ju ti àwọn tí èèyàn yí ká lọ. Àìní ìbátan tó sún mọ́ni, àìní ọ̀rẹ́ àti àìní ọmọ tó wà láàyè ló ba nǹkan jẹ́ jù. Wọn kò rí i pé ìjọ lílọ tàbí ẹgbẹ́ ṣíṣe nìkan yí nǹkan kan padà. Orúkọ nínú ìwé ẹgbẹ́ kò tó. Àfi kí ẹni kan yọjú.

Bí alábàárò ṣe ń gba ẹ̀mí là

Odògbólú wà láàrin Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin tó rí kókó lọ́mú níbẹ̀ lè lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù. Bí wọ́n bá ní kó gba ìtọ́jú onítànṣán, ó lè di ọsibítù UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019.

Ìtọ́jú náà gùn. Wọ́n á gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ abẹ lè tẹ̀ lé e. Oògùn apàjẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí iṣan sábà máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún oṣù púpọ̀. Ìtọ́jú onítànṣán ń gba ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí tamoxifen, oògùn tó ń dènà omi ara obìnrin, bá sì ràn yóò máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó mọ́tò ńkọ́? Ta ni yóò ṣí ìsọ̀ lọ́jà? Ta ni yóò se oúnjẹ lọ́jọ́ tí èébì kò jẹ́ kó dìde? Ibi tí ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí bá ti ṣófo ni ìtọ́jú ti ń dúró láàrin ọ̀nà.

Opó, ilémosú àti ẹni tí kò lọ́kọ

Ìwádìí ìlera ìdílé tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100, 97 ni kò ní ìbánigbófò ìlera. Àpò ẹni àti àpò ẹbí ló kù. Nínú àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ló ń jogún, yálà wọ́n pín in ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Opó tó ní ọmọ tó ti dàgbà lè rí ẹni tí yóò ta nǹkan tọ́jú rẹ̀. Èyí tí kò bímọ, tàbí tí ọmọ rẹ̀ kéré, lè máà ní ohun tí yóò tà. Ẹni tó dá ilé mosú ń padà sí agboolé bàbá rẹ̀, níbi tí ìtìjú ti lè mú kó fi àìsàn náà pa mọ́. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ta ló bá yín wá?"

Nígbà tí ọkọ bá di ìdíwọ́

Abilékọ kan lè ní ọkọ kó má ní alátìlẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń dúró de ìyọ̀ǹda ọkọ kí wọ́n tó gbà kí wọ́n gé ọmú, ọ̀pọ̀ ọkọ sì ń fi àgbo àti àdúrà orí òkè lọ́ra. Ní 2010, àwọn oníṣègùn ní Zaria ròyìn àwọn abilékọ tí wọ́n gé lọ́mú: ìgbéyàwó iye tí kò kéré nínú wọn túká láàrin ọdún mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí 2009 lórí 515 tọkọtaya tí àìsàn ńlá kọlù rí i pé nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó ló ń ṣàìsàn, bí 21 nínú 100 ló túká. Nígbà tó jẹ́ ọkọ, bí 3 péré. Ẹ̀dùn ọkàn ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí àwa ọkùnrin gbọ́ ọ.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti iye owó rẹ̀ fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ti dàgbà ló ni ara rẹ̀. Ọkọ lè gbà á nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìpinnu kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lè fi ṣe é

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú: kí wọ́n rí ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 nígbà tí kò tíì rinlẹ̀, kí àyẹ̀wò parí láàrin ọjọ́ 60, kí ìdá 80 sì gba ìtọ́jú dópin. Ní Ìbàdàn, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun náà là á já, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní 1997 láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀, kí wọ́n sì máa dúró ti ara wọn.

Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdúrótini. Règbèrègbè ń kó ẹgbẹ́ ọjọ́ orí jọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yáni lówó, iyèkan sì ń bẹ nínú agboolé. Ènìyàn laṣọ wa, a máa ń sọ ọ́. Kí règbèrègbè kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tí yóò máa bá ẹni tó bá rí kókó lọ́mú dé ọsibítù, kí alájẹṣẹ́kù ya owó mọ́tò sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀, kí opó àti ẹni tí kò lọ́kọ sì wà lókè nínú orúkọ àwọn tí wọ́n máa ń lọ wò. Bí wọ́n bá ń ṣe èyí láti ìgbà tí kókó bá yọ títí oògùn ìkẹyìn yóò fi parí, àìlọ́kọ kò ní máa sọ obìnrin kankan di ẹni ikú ní Odògbólú.